Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

[Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, nígbà SAP àti ìjọba sójà. Victor dúró ti fóònù ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Benin, níbi tí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ dé sí. Ní Ore, Dùnní àbúrò rẹ̀ sáré wá gba ìpè ní pálọ̀ Bàbá Gbádéyan onípákó, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé bàbá wọn. Ọ̀la ni ìgbéyàwó Dùnní. Ìlà náà ò dáa. Kò dáa rí.]

VICTOR: Hẹ́lò! Hẹ́lò! Ta nìyẹn?

DÙNNÍ: Èmi ni. Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá mi.

VICTOR: Dùnní! Ìyàwó ọ̀la! Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Bàbá ńkọ́? Ilé ńkọ́? Ṣé gbogbo —

DÙNNÍ: Wọ́n wà.

VICTOR: Àlejò ńkọ́? Ṣé àwọn ará Araromi-Obu ti dé?

DÙNNÍ: Wọ́n ti dé. Wọ́n tún ti ń lọ.

VICTOR: Ẹ̀n? [Ìlà kùn.] Ṣé o gbọ́ mi? Ìlà yìí ń —

DÙNNÍ: Mo ní —

VICTOR: Jẹ́ n tètè sọ tèmi, wọn ò ní jẹ́ kí n pẹ́ nídìí fóònù yìí. Mi ò ní lè wálé lálẹ́ òní mọ́. Ọ̀gá Ògúndípẹ̀ ti gba iṣẹ́ àwọn sójà, nínú officers' mess. Ilẹ̀ ló máa mọ́ bá wa níbẹ̀. But mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá rí epo rà kúrò ní Benin, èmi ló máa gbé. Kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti —

DÙNNÍ: Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

VICTOR: Ìyọnu kẹ̀? Èmi ẹ̀gbọ́n ìyàwó!

DÙNNÍ: Mo ní ẹ má wá mọ́! Kò sí ìgbéyàwó kankan —

[Ìlà kùn, ó lọ, ó bọ̀.]

VICTOR: O ní kí ni? Mi ò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o wà níbẹ̀? Ó dáa, gbọ́. Inú ń bí mi, Dùnní. Inú ń bí mi burúkú sí ọkùnrin yìí.

DÙNNÍ: Sí ta ni?

VICTOR: Sí Ọ̀gá! O mọ bàtà tó rà fún gbogbo ẹgbẹ́? Bàtà gogoro, orí rẹ̀ fẹ̀ bí orí ọ̀pọ̀lọ́ —

DÙNNÍ: Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ bàtà sí mi létí lónìí.

VICTOR: Ó ní yúnífọ́ọ̀mù ni! Mo ní, Ọ̀gá, àwọn tó ń dúró kọrin lè wọ̀ ọ́. Jíjókòó ni mo ń ta gìtá tèmi, gìtá onípẹ́dàlì tó dùbúlẹ̀ bíi tábìlì. Ọwọ́ mi wà lórí okùn, orúnkún mi ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ òsì mi ń tẹ pẹ́dàlì. Àwọn pẹ́dàlì yẹn fara kanra bí ọmọ ìka. Bí mo bá fi bàtà gìrìwò yẹn tẹ ọ̀kan, mo ti tẹ ìkejì mọ́ ọn. Orin á sì dàrú.

DÙNNÍ: Bọ̀ọ̀dá —

VICTOR: Ó dàrú níwájú Májọ̀ kan ní Okitipupa! Níbi tí gìtá ti yẹ kó máa sunkún jẹ́jẹ́. Májọ̀ ní, "Who is killing that goat?" Gbogbo mẹ́ẹ̀sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n dìde, kí n fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí tábìlì ká. Èmi, Dùnní! Pẹ̀lú bàtà yẹn lẹ́sẹ̀!

DÙNNÍ: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ gbọ́ —

VICTOR: Ṣé Ọ̀gá wá bá mi dárò? Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á gbé gìtá náà fún ẹni tó fẹ́ rà á l'Ékòó, òun á gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀! Èmi tí mo fi ojú ara mi kọ́ gìtá tí wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní Ondo State!

DÙNNÍ: Bọ̀ọ̀dá Victor, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ níbí.

VICTOR: Ó ń parí lọ. Mo ti rí ojútùú sí i. Mo ti rí bàtà! Pẹlẹbẹ, tẹ́ẹ́rẹ́, awọ rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì, ó dà bíi pé mi ò wọ nǹkan kan, irin ò sì gé mi. Àná nígbà ìdánrawò, Ọ̀gá gan-an gbójú sókè. Ó ní, "Victor, kí lo jẹ?" Lálẹ́ òní, kí àwọn Májọ̀ ti Benin wá gbọ́ ewúrẹ́ —

DÙNNÍ: [Ó pariwo.] Ìgbéyàwó mi ti túká, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ bàtà!

[Ọmọdé kan ń sunkún lọ́nà jíjìn, níhà Ore.]

VICTOR: Kí ló túká?

DÙNNÍ: Ìgbéyàwó mi. Ọ̀la. Ó ti túká. Ẹrù wọn ni wọ́n ń dì sínú pickup lẹ́nu ọ̀nà yìí. Mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

VICTOR: Àwọn wo?

DÙNNÍ: Ọláyídé. Ìyá rẹ̀. Gbogbo wọn.

VICTOR: Kí ni Ọláyídé ṣe? Ẹ jẹ́ n dé bẹ̀! Mo sọ fún Bàbá pé ọmọkùnrin kúkúrú yẹn —

DÙNNÍ: Kò ṣe nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá tí ẹ rí yẹn, àjẹ́ ni.

VICTOR: Háà! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

DÙNNÍ: Ó fi okùn wọn ẹsẹ̀ mi.

VICTOR: Ó fi kí ni? Ṣé o gbọ́ mi? Sọ ọ́ sókè.

DÙNNÍ: Okùn! Nígbà tí mo lọ kí wọn l'Áràrọ̀mí. Ó ní kí n jókòó, kí n na ẹsẹ̀. Ó fa okùn láti gìgísẹ̀ mi dé àtàǹpàkò, ó so kókó sí i, ó fi há etí ìró. Mo ní, Mà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán! Kò dá mi lóhùn.

VICTOR: Okùn kẹ̀? Nítorí Ọlọ́run! Kí ló dé tí o gbà fún un?

DÙNNÍ: Ìyá ọkọ mi ni! Kí n máa bá a jà? Ó wá dé síbí l'Ọ́jọ́rú, a fún un ní yàrá mi kó sùn. Ní àárọ̀ yìí mo wọlé lọ kó ẹrù ìyàwó mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣí páálí bàtà. Bọ̀ọ̀dá, ẹyọ kan ló wà níbẹ̀.

VICTOR: Ẹyọ kan.

DÙNNÍ: Tọ̀tún wà ńlẹ̀. Tòsì ò sí.

[Victor gbé fóònù kúrò létí, ó tún gbé e padà.]

DÙNNÍ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

VICTOR: Mò ń gbọ́.

DÙNNÍ: Tòsì ò sí! A tú ilé. A tú yàrá Bàbá. A tú ilé ìdáná. Àǹtí Oyin ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ — ẹ mọ àbúrò Bàbá, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní ẹni tó ń jalè á jí bàtà méjèèjì wọ̀. Ẹni tó mú ẹyọ kan, ẹsẹ̀ ọmọ wa ló mú lọ. Ó fẹ́ kí ọmọ wa máa tiro nílé ọkọ, kó má lè dúró.

VICTOR: Páálí... páálí wo nìyẹn?

DÙNNÍ: Èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

VICTOR: Èyí tí aṣọ kọ́yà tí o fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀?

DÙNNÍ: Òun ni. Mo fi nyúsípépà wé bàtà náà, mo fi sísàlẹ̀ aṣọ kọ́yà, kí àwọn ọmọ Àǹtí Oyin má baà máa fẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kiri. Kí lẹ bèèrè fún?

VICTOR: Rárá. Mo kàn... Irú bàtà wo ni?

DÙNNÍ: Funfun. Pẹlẹbẹ. Ẹ mọ̀ pé mo ga ju Ọláyídé lọ, mi ò lè wọ onígìgísẹ̀. Ẹ sì mọ ẹsẹ̀ wa, ẹsẹ̀ Bàbá tó gùn tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ yìí. Kò sí bàtà tó ń gbà á. Ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ láti London. Ibo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn nígbà SAP?

VICTOR: Bóyá eku ló gbé e.

DÙNNÍ: Eku?

VICTOR: Eku ńlá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn —

DÙNNÍ: Eku wo ló máa tú nyúsípépà, tí á yan tòsì, tí á tún páálí pa dé? Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bí mi nínú!

ÒṢÌṢẸ́ HÒTẸ́Ẹ̀LÌ: Oga, people dey wait for this phone o.

VICTOR: Abeg, one minute! Family matter! Dùnní. Dùnní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣé ẹ ti bi ìyá náà dáadáa?

DÙNNÍ: A bi í. Ó ní òun ò fọwọ́ kan bàtà. Àǹtí Oyin ní kí ló fi okùn ṣe. Ó ní títí di ọ̀la òun ò ní sọ. Ta ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀, tí kò bá níkà nínú? Àǹtí Oyin ní òun á pe àwọn sójà tó wà ní checkpoint kí wọ́n wá tú ẹrù rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti pé. Wọ́n ń pariwo àjẹ́ lé e lórí. Ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò wo ẹnikẹ́ni.

VICTOR: Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé ìwọ náà pè é bẹ́ẹ̀?

DÙNNÍ: Mo pè é. Mo wí i lójú rẹ̀. Ọláyídé gbọ́. Ó ní òun ò lè fẹ́ ọmọ tó pe ìyá òun ní àjẹ́ lójú títì.

VICTOR: Yéè.

DÙNNÍ: Kó máa lọ! Kí gbogbo wọn máa lọ! [Ó bú sẹ́kún.] Ìrẹsì tí Bàbá fi odindi ọjọ́ tò lórí ìlà kó tó rí rà, a ó sè é jẹ fúnra wa. Ẹ máa kọrin yín fáwọn sójà. Ó dàbọ̀.

VICTOR: Má gbé e sílẹ̀! Dùnní! Lọ dá wọn dúró.

DÙNNÍ: Kí n dá ta ni dúró?

VICTOR: Ìyá Ọláyídé. Sáré lọ báyìí.

DÙNNÍ: Láti sọ kí ni? Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọ ọjà, aṣọ ò bá a mọ́.

VICTOR: Bàtà náà — [Ìlà kùn] — lọ́wọ́ mi.

DÙNNÍ: Kí ló wà lọ́wọ́ yín?

VICTOR: Bàtà! Ṣé o gbọ́ mi? Èmi ni mo —

[Ìlà kùn.]

DÙNNÍ: Ẹ ní ta ni? Ẹ ti mọ ẹni tó mú un? Ẹ dárúkọ rẹ̀! Orí ẹni náà á —

VICTOR: Má ṣépè! Má ṣépè, Dùnní! Èmi ni! Èmi Victor! Nígbà tí mo wálé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo rò pé bàtà kọ́yà àtijọ́ ni. Mo rí i nínú nyúsípépà lábẹ́ aṣọ kọ́yà, mo rò pé o ti pa á tì —

[Ẹ́ńjìnnì pickup kan ń ta pútúpútú níhà Ore, kò tíì mú.]

VICTOR: Dùnní? Ṣé o gbọ́ mi?

DÙNNÍ: Ìwọ.

VICTOR: Dùnní, má gbàgbé pé èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ —

DÙNNÍ: Ẹ̀gbọ́n kí ni? Ẹ̀gbọ́n wo ló ń jí bàtà ìyàwó?

VICTOR: Mi ò mọ̀ pé —

DÙNNÍ: Bàtà tó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun! Ẹ̀ẹ̀kan yìí lo ń sọ ọ́ fún mi, tí ò ń yọ̀! Kí lo mú ẹyọ kan fún? Bóo bá kó méjèèjì, a ó sọ pé olè ni, a ó gbàgbé. Kí lo fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe?

VICTOR: Ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ pẹ́dàlì. Tọ̀tún, volume nìkan ló ń ṣe. Bàtà èyíkéyìí —

DÙNNÍ: Pa ẹnu rẹ mọ́ níbẹ̀!

VICTOR: Màá dá a padà! Ní àárọ̀ ọ̀la, àní kí ilẹ̀ tó mọ́ —

DÙNNÍ: Ṣé funfun ló ṣì wà?

VICTOR: Dùnní, gbọ́ —

DÙNNÍ: Victor! Ṣé funfun ló ṣì wà?

VICTOR: Mo fi póólíṣì dúdú kùn ún. Nítorí yúnífọ́ọ̀mù. Mo sì... mo fá ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí n lè máa mọ irin dáadáa.

[Dùnní ké. Ẹ́ńjìnnì mú níta. Fóònù já bọ́, ó ń gbá ara rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.]

DÙNNÍ: [Lọ́nà jíjìn.] Ẹ dúró! Mà! Ẹ má lọ! Ọláyídé, pa mọ́tò yẹn! Ẹ dákun, ẹ dúró!

VICTOR: Hẹ́lò? Dùnní? Ta ló wà níbẹ̀? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÒṢÌṢẸ́ HÒTẸ́Ẹ̀LÌ: Oga, I say time don reach.

VICTOR: Kúrò níbí! Leave me! Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?

[Ariwo ènìyàn níta. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ohùn obìnrin kan ń bẹ̀bẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan wọ pálọ̀, kò yára. Ẹnì kan gbé fóònù nílẹ̀.]

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Ta ló wà níbẹ̀?

VICTOR: Ẹ... ẹ káàsán, Mà. Victor ni, Mà.

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Ìwọ ni olórin.

VICTOR: Èmi ni, Mà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja —

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Fóònù ni. Mi ò rí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ.

VICTOR: Mà, ẹ forí jì mí —

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Ó tù ọ́ lẹ́sẹ̀?

VICTOR: Mà?

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Bàtà ìyàwó ọmọ mi. Mo ní, ṣé ó tù ọ́ lẹ́sẹ̀?

VICTOR: Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má —

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Mo bi ọ́ ní ìbéèrè.

VICTOR: Ó tù mí, Mà.

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Ó dáa. Ó kúkú tu ẹnì kan. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó lórí ẹrù lẹ́bàá títì Ore, tí àwọn ọmọ tí mo lè bí ń nàka sí mi. Àwọn èrò mọ́tò tó ń lọ Benin ń yọjú wò mí. Wọ́n ní mo jẹ ẹsẹ̀ ọmọ. Èmi tí mo ti jẹ́ ìyá ìjọ l'Áràrọ̀mí láti ìgbà tí ìwọ ò tíì mọ ìdí ara rẹ í nù.

VICTOR: Háà, Mà.

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Okùn tí wọ́n ń pariwo yẹn, ṣé o fẹ́ mọ ohun tí mo fi ṣe? Ọ̀dọ̀ Sàídù tó ń rán bàtà nínú gáréèjì yín yìí ni mo gbé e lọ. Ó fi rán bàtà pẹlẹbẹ fún un, èyí tó máa wọ̀ jó lẹ́yìn ìsìn. Ó wà nínú ẹrù mi. Mi ò fẹ́ kó mọ̀, kó lè yà á lẹ́nu. Ó ti yà á lẹ́nu báyìí.

[Ẹkún Dùnní, nítòsí fóònù.]

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ síbí, ó di ìró mi mú. Ó ní òun tọrọ gáfárà. Nínú pálọ̀! Ṣé inú pálọ̀ ni wọ́n ti pè mí ní àjẹ́?

VICTOR: Rárá o, Mà. Inú yín bàjẹ́, ó yẹ kó bàjẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe —

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Ìta ni wọ́n ti pè mí, ìta ni wọn ó ti gbà á padà. Wọ bàtà náà wá lọ́la. Òun lẹ́sẹ̀ òsì, ohun tó bá wù ọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Kí o sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, kí o rin ojú títì níbi tí wọ́n ti fi mí ṣe ìran, títí wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, títí dé iwájú. Kí o gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí gbogbo ìjọ rí i. Kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé ìwọ lo mú un. Ìgbà náà ni ọmọ mi á tó dìde níbi tó jókòó sí lọ gbé ìyàwó.

VICTOR: Mà, àwọn sójà ò ní tú wa sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí mi ò bá parí eré náà, Ọ̀gá mi á —

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Alẹ́ ni tàwọn sójà. Òwúrọ̀ ni mò ń bá ọ sọ.

VICTOR: Epo gan-an ò sí ní Benin, mọ́tò lè —

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Rìn wá. Bàtà náà tù ọ́ lẹ́sẹ̀.

[Ìlà kùn.]

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Mi ò fẹ́ àlàyé mọ́. Ẹrù mi wà níta. Fún mi ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n mọ ibi tí mò ń gbé e lọ. Ṣé wàá wọ̀ ọ́ wá? Ṣé o gbọ́ mi?

VICTOR: Mo gbọ́ yín, Mà. Bẹ́ẹ̀ ni.

[Ìlà kùn gan-an.]

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Mo ní, ṣé o gbọ́ mi?

VICTOR: Mo gbọ́! Bẹ́ẹ̀ ni, Mà! Mò ń bọ̀! Kí Ọ̀gá gbé gìtá rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú! Màá wọ̀ ọ́ wá!

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Olórin!

VICTOR: Bẹ́ẹ̀ ni! Mo ní bẹ́ẹ̀ ni!

DÙNNÍ: [Nítòsí fóònù.] Mà, kí ló wí? Ẹ dákun, kí ló wí?

ÌYÁ ỌLÁYÍDÉ: Kò dáhùn. Ọláyídé! Bá mi gbé ẹrù mi.

VICTOR: Mààà! Mo ti dáhùn! Dùnní, sọ fún wọn pé mo —

[Ìlà já.]